Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà

Nígbà tí yunifásítì dé Orù, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ní ẹranko tirẹ̀.
Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n dìbò.
Kìnnìún, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ti mú un.
Idì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kò ráyè.
Ọ̀gá kan tó máa ń wo ojú fèrèsé ló dárúkọ ọ̀kẹ́rẹ́;
wọ́n rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà ló wọlé ìbò.

Èmi Ṣẹ́gilọlá, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ géètì kejì,
n kò tẹsẹ̀ bọ gbọ̀ngàn wọn rí.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà
ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń san owó ilé mi.
Fìlà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí ìrù ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ lẹ́yìn ọrùn.
Mo bọ́ sórí ọ̀kẹ́rẹ́ olówùú tí wọ́n ń gbé sùn,
mo fi òwú àràbà kún ikùn wọn,
mo fi bọ́tìnnì ṣojú.

Odùsànyà oníbúrẹ́dì náà gbẹ́ tirẹ̀,
ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun wú nínú ààrò, ọ̀kẹ́rẹ́ di òkété.
Àwọn ọmọ ń rà á bẹ́ẹ̀, etí ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ.
Ọ̀sínúgà fi idẹ rọ ọ́ mọ́ kọ́kọ́rọ́.
Àpò gààrí pàápàá gbà á láyè:
‘Gààrí Ọ̀mọ̀wé, ó kan bí ìdánwò.’
Ìyá arúgbó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń hun aṣọ olónà,
tó ti ń hun ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú,
ní òun kò ní hun ohun tí kò mọ omi.
Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó hun ún, ó sì fi odò sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀:
ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń lúwẹ̀ẹ́ títí dòní
ní èjìká ọ̀gá àgbà yunifásítì.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Tusidé, òǹtẹ̀ pupa nídìí rẹ̀.
Ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ yunifásítì ní etí méjì tó nà ṣánṣán,
ó ń fi ojú ọ̀tún ṣẹ́jú,
ẹni tó bá ṣe irú mìíràn yóò san owó ìtanràn.
Mo kó tèmi jọ, mo wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò sí èyí tó ń ṣẹ́jú.
Ọmọ mi Tènígbọlá, tí Jáǹbù ti dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ní, ‘Ìyá mi, àwa náà kò ní òǹtẹ̀.’
N kò rí èsì fún un.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sẹ́yìn ilé.
Ilẹ̀ mọ́, mo bá ikùn mẹ́rin ní yíya,
òwú fọ́n ká orí koríko.
Èkúté ni mo rò. Mo gbé ìgbálẹ̀.
Ìgbà náà ni mo gbójú sókè sí ọ̀pẹ:
ọ̀kẹ́rẹ́ gidi, tín-ín-rín,
ẹnu rẹ̀ kún fún òwú inú ọmọ ìyá rẹ̀,
ó ń tẹ́ ibùsùn ọmọ.
Etí rẹ̀ kan ti ya, bóyá ológbò ló ya á.
Ìrù rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mò ń rán.
Wọn kì bá tí gbà á wọlé.

Mo pe Tènígbọlá. A dúró, a ò sọ̀rọ̀.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bù sí i, ó tún gòkè.
Wọ́n ní bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá.
Orí ọ̀pẹ lèyí wà, n ò sì ṣọdẹ.
Mo padà sídìí ẹ̀rọ,
mo mú sísọ́ọ̀sì, mo ya etí kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kù,
mo fi okùn pupa ká ojú ọgbẹ́ náà.
Mo ní kí Tènígbọlá kọ ọ́ sí pátákó iwájú ilé:
Ọ̀KẸ́RẸ́ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ LẸ́TÀ.
Ó bèèrè iye tí a ó máa tà á.
Mo ní kó fi igba náírà lé e.